Ará Kan Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aláìsàn: Ẹ̀kọ́ Tí Ìtàn Aro ní Abẹ́òkúta Fi Kọ́ Olùṣọ́-Àgùntàn

Ìfáàrà

Olùṣọ́-àgùntàn tí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yóò ti pàdé wọn. Obìnrin kan wà tí kò rí oorun sùn láti ọjọ́ tí àwọn ajínigbé ti dá ọkọ̀ wọn dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀. Bàbá kan wà, sójà ni tẹ́lẹ̀, tí àyà rẹ̀ máa ń já bí àwọn ọmọdé bá yin bánga lásìkò Kérésìmesì, tí yóò sì ti wà lábẹ́ tábìlì kí ó tó mọ̀ pé ọmọdé ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọ́kọ́ gba ilé ìwòsàn lọ. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń mú wọn wá: sí yàrá àdúrà, sí orí òkè, sí iwájú pẹpẹ lẹ́yìn ìsìn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí láti ẹ̀yìn wá.

Ohun tí mo ń pè ní ọgbẹ́ ọkàn nínú àròkọ yìí ni ìpalára tí ó kù sínú ènìyàn lẹ́yìn tí ohun búburú ti kọjá: ogun, ìjínigbé, ìfipábánilòpọ̀, jàǹbá ọkọ̀, ikú òjijì. Ọgbẹ́ ara a máa jinná, àpá rẹ̀ a sì kù. Ọgbẹ́ ọkàn kì í hàn sójú, ṣùgbọ́n a máa jí ènìyàn lóru. Àìsàn ọpọlọ gbòòrò ju èyí lọ, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ti inú ọgbẹ́ wá. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì pàdé níbì kan: bí àwọn ènìyàn ṣe ń bá ẹni tí ó ní wọn lò lè ràn án lọ́wọ́ láti sàn, ó sì lè dá kún àìsàn rẹ̀.

Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ní Abẹ́òkúta, dókítà kan gbé ètò kan kalẹ̀ tí kò béèrè ju ohun kan lọ lọ́wọ́ aláìsàn kí wọ́n tó gbà á sínú rẹ̀: kí ó mú ará kan wá pẹ̀lú rẹ̀. Mo fẹ́ fi hàn pé ohun kan ṣoṣo yìí sún mọ́ Ìhìnrere ju ọ̀pọ̀ ohun tí à ń ṣe ní àgọ́ àdúrà wa lọ. Mo sì fẹ́ fi hàn pé ó fi àlàfo kan sílẹ̀, àlàfo tí ó jẹ́ ti Ìjọ láti dí.

1. Ìlú tí àwọn tí ogun lé dá sílẹ̀

Kò yẹ kí a ya Aro nípá kúrò lára ìlú tí ó wà. Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí ogun ti fọ́ ìlú wọn, tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ àpáta Olúmọ. Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn: abẹ́ òkúta ni wọ́n sá sí. Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó ti sin òkú láìsí ààyè láti sọkún, tí ó ti pàdánù ọmọ, ìyàwó àti ilé.

Ìlú yìí náà ni Samuel Ajayi Crowther ti rí ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun ojú omi ti Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó fojú kan Afala ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, tí orúkọ rẹ̀ sì di Hannah.

A máa ń sọ ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn iṣẹ́ ìránṣẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan nínú rẹ̀. Ọdún 1837 ni Crowther kọ lẹ́tà tí ó fi ròyìn bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú, ìyẹn ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ọjọ́ náà. Nígbà náà ó ti ní ilé, ó ti ní ìyàwó, ó ti ní iṣẹ́ olùkọ́ àti ìjọ tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Inú ààbò ni ó ti jókòó kọ ìtàn ìpayà. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

2. Ilé asínwín àti ẹ̀wọ̀n

Kí òyìnbó tó dé, ọwọ́ ẹbí àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ìtọ́jú alárùn-ọpọlọ wà. Iṣẹ́ wọn ní ibi tí ó dára, ó sì ní ibi tí ó burú. Wọ́n mọ ewé àti egbò: asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ń lò láti mú kí ara asínwín balẹ̀, ní èròjà kan nínú tí àwọn oníṣègùn òyìnbó náà wá ń lò ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń lo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán. Àwùjọ náà sì ní ọ̀rọ̀ tí ó fi ń ta kété sí aláìsàn. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ.

Ìjọba amúnisìn kò mú ohun tí ó sàn jù wá. Ní 1907 ni wọ́n ṣí ilé asínwín ní Yábà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí ti Calabar. Ilé ìtọ́jú ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ibi ìhámọ́ ni wọ́n. Kò sí dókítà tí ó kọ́ṣẹ́ nípa àrùn ọpọlọ níbẹ̀. Ohun tí ó jẹ ìjọba lógún ni pé kí àwọn tí ń yọ ìlú lẹ́nu kúrò ní ìgboro. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1916 nípa àwọn asínwín sọ bí a ó ṣe mú ènìyàn àti bí a ó ṣe tì í mọ́lé, kò sì sọ púpọ̀ nípa bí a ó ṣe wò ó sàn. Nígbà tí Robert Cunyngham Brown, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán láti wá wo ọ̀rọ̀ náà, kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1938, ó bẹnu àtẹ́ lu ipò tí àwọn ilé wọ̀nyí wà.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó mú ọ̀rọ̀ náà dé Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n kó lọ jagun ní Burma pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn kan kú sínú igbó níbẹ̀. Àwọn kan padà wálé pẹ̀lú ara pípé, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò bá wọn dé. Ní 1944, ìjọba sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lantoro di ibi tí wọ́n ń kó àwọn sójà tí orí wọn dàrú sí. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó lọ gbèjà ìjọba ni ìjọba náà fi sínú ilé tí wọ́n kọ́ fún olè. Kò sí ẹni tí ó ní i lọ́kàn láti ṣe ìkà. Wọn kò kàn mọ ibòmíràn tí wọ́n lè fi irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí ju ẹ̀yìn ògiri lọ.

3. Lambo àti abúlé mẹ́rin

Thomas Adeoye Lambo jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1923, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi níbẹ̀ ni ó lọ, Baptist Boys' High School. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1954, wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Aro, lẹ́bàá ìlú náà.

Ìṣòro tí ó kọ́kọ́ bá pàdé ni pé ilé náà kò tíì parí. Ẹlòmíràn ì bá dúró de bíríkìlà. Lambo kò dúró. Ó wo àwọn abúlé mẹ́rin tí ó yí Aro ká, ó sì lọ bá àwọn baálé àti àwọn àgbà ibẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Ohun tí ó dà bí ọgbọ́n ìgbà díẹ̀ ni ó wá di ètò tí gbogbo ayé mọ̀ Aro mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Aláìsàn kò ní dá wá. Ó kéré tán, ará kan gbọ́dọ̀ bá a wá: ìyá, ọkọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n. Àwọn méjèèjì á gba yàrá nílé ará abúlé. Ará náà ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní àárọ̀, tí yóò sì lọ mú un padà ní ọ̀sán. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń rí oògùn àti ìtọ́jú ìgbàlódé ti àkókò náà gbà. Ní abúlé, wọ́n ń gbé bí ènìyàn. Wọ́n ń jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń bá wọn tayò, wọ́n ń bá wọn jó níbi àríyá, wọ́n sì ń bá wọn lọ sóko. Kò sí ògiri tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn ará abúlé náà kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì yẹ kí wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ilé ń wọlé fún wọn. Ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti fi kún ilé wọn, wọ́n fa omi ẹ̀rọ wá sí abúlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n sì gbógun ti ẹ̀fọn. Àwọn tí ì bá máa sá fún aláìsàn wá rí i pé ìlera wọn àti ìlera àlejò wọn ti di ọ̀kan. Ìfẹ́ aládùúgbò a máa fìdí múlẹ̀ nígbà tí a bá fi ètò gbè é lẹ́sẹ̀.

Ohun kan wà nínú ètò Lambo tí yóò kọ olùkàwé ìwé yìí lóminú: ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá sínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ń bá a darí ìgbé ayé àwọn aláìsàn ní abúlé. Kì í ṣe ìpinnu mi láti sọ pé kí Ìjọ bá babaláwo mulẹ̀. A ní Olúwa kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lóye ohun tí Lambo rí. Ó rí i pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń gbọgbẹ́ kì í gba ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹni tí kò fọkàn tán, àti pé dókítà tí ó bá kẹ́gàn ohun tí aláìsàn gbàgbọ́ ti sọ ìdajì oògùn rẹ̀ nù. Lónìí, ta ni àwọn ènìyàn wa fọkàn tán? Àwa ni. Ipò tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wà ní 1954 ni pásítọ̀ wà lónìí. Bí dókítà bá wá sí ẹnu ọ̀nà ìjọ láti ní kí á jọ ṣiṣẹ́, èsì wo ni a ó fún un?

Ìròyìn Aro tàn kálẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti ṣe àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà. Ní 1963, ìwé jáde lórí ìwádìí tí Lambo àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton ṣáájú wọn, ṣe láàárín àwọn Yorùbá ní agbègbè Abẹ́òkúta. Lambo di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, lẹ́yìn náà ó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé, níbi tí ó ti jẹ́ igbákejì olùdarí àgbà láti 1973 títí di 1988. Ó kú ní 2004. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni, ó sì kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ tí Ìjọ ì bá ti kọ́ wọn.

4. Àlàfo tí Aro kò lè dí

Gbogbo ètò tí ó bá dára ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ti Aro wà nínú ohun kan ṣoṣo tí ó béèrè. Bí ó bá jẹ́ pé ará kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kí ni ti ẹni tí kò ní ará? Asínwín tí wọ́n rí lójú títì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé rẹ̀, ẹni tí ẹbí ti kọ̀ sílẹ̀, ẹni tí ilé ẹjọ́ fi ránṣẹ́: irú àwọn wọ̀nyí kò lè gbé abúlé. Lẹ́yìn ògiri Lantoro ni wọ́n ṣì wà.

Èmi kò dá Lambo lẹ́bi. Dókítà lè kọ oògùn, kò lè kọ ìyá fún ènìyàn. Ìjọba lè kọ́ ilé, kò lè bí ẹ̀gbọ́n. Ibi tí ọwọ́ wọn mọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Sáàmù kejìdínláàádọ́rin kọ́ wa pé Ọlọ́run a máa fi ẹni tí ó nìkan wà sínú ìdílé. Bí a bá gbà pé ìdílé náà ni Ìjọ, a jẹ́ pé àlàfo tí ó wà ní Aro láti ọdún wọ̀nyí ní orúkọ wa lára.

5. Ilé tiwa

Ó yẹ kí a sọ ìtàn tiwa náà bí ó ti rí. Inú ìpayà àjọni ni wọ́n ti bí ẹgbẹ́ àdúrà ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní influenza ń pa ènìyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní 1918, tí wọ́n sì ti ilé ìjọsìn pa, Joseph Shadare, Sophia Odúnlámì àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti gbàdúrà. Nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì, dúró ní Òkè-Ooye ní Iléṣà ní 1930, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wá. Nínú ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ìwòsàn, ìrètí, àti àwùjọ tí ó gba ẹnikẹ́ni láìbéèrè owó. Ìyẹn ni ogún wa. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti dá sunkún ni a ti wá.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà kan, a gbàgbé. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn ibi tí wọ́n ti ń so alárùn-ọpọlọ mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà. Wọ́n rí i ní ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n rí i lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ní ibi ìtọ́jú àwọn Mùsùlùmí, wọ́n sì rí i ní ilé ìjọsìn Kristẹni. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí a ní òyìnbó àti babaláwo ń lò, ọwọ́ wa náà ni wọ́n ti bá a.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi, kí ó má baà dà bí ẹni pé mo dúró lókèèrè sọ òkò. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nínú iṣẹ́, arábìnrin kan wá bá mi. Àwọn adigunjalè ti wọ ilé wọn ní bí oṣù méjì sẹ́yìn. Kò rí oorun sùn, oúnjẹ kò wọlé, ẹ̀rù òkùnkùn sì ń bà á. Mo ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù ni. Mo fi sínú ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ìṣọ́ òru, ní yàrá kan ní àgọ́ àdúrà, òun nìkan. Ẹni tí kò jẹun, mo ní kí ó má jẹun. Ẹni tí kò sùn, mo ní kí ó má sùn. Ẹni tí ń bẹ̀rù òkùnkùn, mo fi í sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ní ọjọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ wá mú un lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ lẹ́yìn oṣù púpọ̀ nílé ìwòsàn, ó sọ fún mi láìbínú pé n kò bi òun léèrè nígbà kankan pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Òótọ́ ni. Mo ti ní ìdáhùn kí ó tó jókòó.

6. Ará Gádárà àti Èlíjà

Kì í ṣe pé mo ń sọ pé kò sí ẹ̀mí èṣù. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ka Máàkù. Ṣùgbọ́n Mátíù 4:24, níbi tí ó ti ka irú àwọn tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ Jésù, dárúkọ àwọn tí ó ní ẹ̀mí èṣù lọ́tọ̀, ó sì dárúkọ àwọn aláìsàn mìíràn lọ́tọ̀. Olúwa wò wọ́n sàn lápapọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ìwé náà kò pè wọ́n ní ohun kan náà. Ìfòyemọ̀ ẹ̀mí tí a ń gbàdúrà fún gbọ́dọ̀ lè sọ pé èyí kì í ṣe ẹ̀mí èṣù, gẹ́gẹ́ bí ó ti lè sọ pé ẹ̀mí èṣù ni.

Kódà níbi tí ó ti jẹ́ ẹ̀mí èṣù láìsí iyèméjì, ẹ wo bí Olúwa ti ṣe é nínú Máàkù orí karùn-ún. Àwọn ará ìlú ni ó de ọkùnrin Gádárà náà, kì í ṣe Jésù. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n dè é, kò sì wò ó sàn. Jésù bi í léèrè orúkọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn sì padà dé, wọ́n bá a ní ìjókòó, ó wọ aṣọ, iyè rẹ̀ sì ti ṣí. Nígbà tí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí òun máa bá Jésù lọ, Olúwa rán an padà sílé sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ènìyàn ni aṣọ mi. Ẹni tí ó ti ń gbé inú ibojì ní ìhòòhò gba aṣọ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Ìtàn Èlíjà nínú Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí kọkàndínlógún tún kọ́ wa ní ètò rẹ̀. Wòlíì náà ti rí ikú lójú, ó sá lọ sínú aginjù, ó sì tọrọ ikú. Áńgẹ́lì náà kò bá a wí. Oorun ni ó kọ́kọ́ rí gbà, lẹ́yìn náà àkàrà àti omi, lẹ́yìn náà oorun lẹ́ẹ̀kan sí i, àti oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yìn ìrìn ogójì ọjọ́ ni Ọlọ́run tó bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìkẹyìn ni ó fún un ní alábàáṣiṣẹ́, Èlíṣà, kí ó má baà dá nìkan wà mọ́.

Ní 1992, Judith Herman, oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan tí àwọn tí ń tọ́jú ọgbẹ́ ọkàn ṣì ń lò. Ó ní ìwòsàn ń gba ipele mẹ́ta kọjá: ààbò, lẹ́yìn náà sísọ ìtàn náà àti ṣíṣọ̀fọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ìpadàbọ̀ sáàárín ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ Èlíjà kò ní rí i bí ohun àjèjì. Ẹni tí ó bá rántí lẹ́tà Crowther ti 1837 yóò mọ ìdí tí ààbò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìtàn. Àṣìṣe tí mo ṣe sí arábìnrin yẹn ni pé mo mú un lọ sójú ogun kí ó tó rí oorun sùn.

7. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa

Àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa kan ti ń bá ọ̀nà Lambo lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ètò kan wò ní Nàìjíríà àti ní Ghana, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2020. Wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé máa wá sí ibùdó àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ti àwọn oníwòsàn nípa ìgbàgbọ́, kí wọ́n jọ máa tọ́jú àwọn tí àìsàn ọpọlọ wọn le. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú báyìí yá ju ti àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Wòlíì kò fi àdúrà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò fi oògùn sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 sì ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin ìgbà amúnisìn, tí ó sì ka aláìsàn sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́.

Nítorí náà, kí ni olùṣọ́-àgùntàn yóò ṣe ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n bá mú ẹnì kan wá?

Kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ó ti jẹun, bóyá ó sùn, bóyá ewu ṣì wà nílé tí ó ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó pa á lára ni wọ́n jọ ń gbé, kò ní rí ìwòsàn níbẹ̀.

Kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìyára dáhùn, kí ó má sì fipá fa ìtàn jáde lẹ́nu ẹni tí kò tíì ṣe tán. Kí ó má ṣe sọ ọ́ di ẹ̀rí lórí pẹpẹ. Ìtàn aláìsàn kì í ṣe ti ìjọ.

Kí ó mọ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ọpọlọ kan ní agbègbè rẹ̀ ní orúkọ kí ọjọ́ ìṣòro tó dé. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ ikú, tàbí tí ó ń rí ohun tí a kò rí, kí a bá a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kí ó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé lílo oògùn jẹ́ àìnígbàgbọ́.

Kí ẹ̀wọ̀n, pàṣán àti ààwẹ̀ tipátipá kúrò ní gbogbo ibi tí orúkọ Jésù wà lára pátákó rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kejì lórí èyí.

Paríparí rẹ̀, kí ó wá ará kan fún un. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yan àwọn arákùnrin àti arábìnrin tí wọ́n ní sùúrù, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ kiri, tí wọ́n lè jókòó ní gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí wọ́n lè se ọbẹ̀, tí wọ́n lè rántí ọjọ́ àti gba oògùn. Kí ó jẹ́ iṣẹ́ ìránṣẹ́ bí ti akọrin àti ti agbàlejò. Bí ẹbí bá wà, kí a ran ẹbí lọ́wọ́. Bí ẹbí kò bá sí, kí a jẹ́ ẹbí.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn tí a ti sọ yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó sá sábẹ́ òkúta, ó sì gba inú ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kó àwọn sójà sí kọjá, kí ó tó dé abúlé tí aláìsàn àti ará rẹ̀ ti ń sùn nínú yàrá kan náà. Ohun tí ó yàtọ̀ láàárín Lantoro àti Aro kọjá oògùn: ní Lantoro, aláìsàn nìkan ni wọ́n tì mọ́lé; ní Aro, ẹnì kan bá a jí ní àárọ̀.

Láìpẹ́, àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ń ka èyí yóò gba ìfòróróyàn. Wọn yóò gbé ọwọ́ lé yín lórí, wọn yóò sì fi àwọn ènìyàn Ọlọ́run lé yín lọ́wọ́. Láàárín wọn ni ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò hàn wà. Nígbà tí ó bá dé ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì bá bi í pé ta ni ó bá a wá, kí ó lè nawọ́ sí ẹnì kan láti inú ìjọ yín.